Àmì Tí Ṣẹ̀san Fá Kúrò Lára Òpó Àká

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní Ashton-under-Lyne, tí ẹ jókòó títí dé ibi tí dírẹ́bà ti máa ń ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí òkè kan tí àgùntàn ń jẹ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn òkè náà ni àká kan wà tó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Ó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà lọ, ó sì gùn débi pé ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kan gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì tó gbọ́ ọ. Òkúta ni ògiri rẹ̀, igi óákù ni gbogbo egungun inú rẹ̀. Lára òpó kẹta lápá òsì, níbi tó ṣe déédéé ojú àgbàlagbà, ibì kan wà tó funfun ju ìyókù igi náà lọ, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ṣẹ̀san Ọládòṣù ló fá a. Mo fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́, nítorí àwọn tí kò mọ ọkùnrin náà ti sọ ìsọkúsọ nípa rẹ̀ tó. Àwọn kan ní òmùgọ̀ ni. Àwọn kan nínú ìjọ wa ní akọni ìgbàgbọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

A bí Ṣẹ̀san ní ọdún 1968, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ọ̀fàdà, níbi tí ìrẹsì ti ń ṣe dáadáa. Bàbá rẹ̀ a máa gbìn ín, ìyá rẹ̀ a máa fẹ́ ẹ. Ní abúlé yẹn, kì í ṣe owó ni wọ́n fi ń san ìdámẹ́wàá. Ẹni tó bá kórè igbá ìrẹsì mẹ́wàá, yóò ru ọ̀kan lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àká alámọ̀ kékeré kan wà. Bí àká náà bá kún, bàbá ìjọ a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, a fi ṣọ́ọ̀kì funfun fa àgbélébùú sí i lára kí eku, olè àti iná má baà débẹ̀, a sì kó kọ́kọ́rọ́ fún ìyá ìjọ. Nígbà tí ebi bá dé, tí ìrẹsì tuntun kò sì tíì gbó, àwọn opó àti aláìlera a gbé igbá wá. Lọ́dún tí Ṣẹ̀san pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó oko bàbá rẹ̀ kanlẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi jẹun láti inú àká yẹn, kò sì sí ẹni tó fi ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́. Ṣẹ̀san kò gbàgbé oúnjẹ náà títí dòní. Àgbélébùú ṣọ́ọ̀kì yẹn ló gbàgbé, ó sì pẹ́ kó tó rántí rẹ̀.

Nígbà tó dàgbà, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó gba fíríìdọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ gbàdúrà lé e lórí, ó sì fún un ní ìfági kan, onígi tó ní irin mímú nínú, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti fi fá igi fún ogún ọdún. Ìfági náà ni Ṣẹ̀san dì sínú aṣọ nígbà tó ń bọ̀ ní Manchester lọ́dún 2003. Ó fi bàtà méjì sílẹ̀ kí àyè lè gbà á nínú àpótí.

Manchester kò béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ọdún méje ló fi ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Stretford. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìfági wà nínú ilé tí òun àti Olúfúnlọ́lá ìyàwó rẹ̀ háyà ní Whalley Range. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, Ṣẹ̀san a fà á yọ, a pọ́n irin rẹ̀, a fi òróró pa á, a tún dì í padà. Olúfúnlọ́lá a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ òun ní ìyálé kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀, nítorí ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn kò tíì gbọ́ ẹkún ọmọ. Nígbà tó di ọdún 2009, Ọlọ́run dá wọn lóhùn. Ọmọbìnrin ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Miracle, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé kí nìdí.

Lọ́dún kejì ni òrùlé gbọ̀ngàn tí ìjọ wa háyà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Landlord rán Alan wá. Káfíńtà arúgbó ni Alan, ọmọ Manchester gan-an, kì í tún ilé tuntun ṣe rárá. Ilé àtijọ́ ni tirẹ̀. Ṣẹ̀san ń bá a di àkàsọ̀ mú, ó ń wò ó bó ṣe ń fá igi kan, igi náà kò sì dán. Ara Ṣẹ̀san kò gbà á mọ́. Ó sáré délé, ó gbé ìfági rẹ̀ wá, ó fá igi náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dán bí àwo. Alan gba ìfági lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i pọ̀, ó fi àtàǹpàkò kan ẹnu irin rẹ̀.

“Ta ló pọ́n èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Ọjọ́ Mọ́ńdè,” ni Alan wí, “aago méje àárọ̀. Má pẹ́.”

Bí Ṣẹ̀san ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ kò gbà kó pe ẹni tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ ní orúkọ lásán. “Mister Alan” ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà náà rí i pé ìrìn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó máa ń dorí kodò lọ síbi iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lójú ọ̀nà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011 ni Alan mú un lọ sí àká ẹ̀yìn òkè. Omi ti ba ẹsẹ̀ àwọn òpó kan jẹ́, wọ́n sì fẹ́ gé ibi tó rà kúrò kí wọ́n fi óákù tuntun lẹ̀ ẹ́ nídìí. Theresa ló ń bójú tó àká náà fún àwọn ará abúlé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, irun rẹ̀ funfun, kò sì sí òkúta kan níbẹ̀ tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń mu tíì ló máa ń sọ ọ́. Ó ní nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ bá kórè àlìkámà, ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì rán yóò rìn káàkiri oko, yóò máa ka ìtí ọkà, ìtí kẹwàá ni yóò sì ki ẹ̀ka tútù bọ̀. Gbogbo ìtí tó bá ní ewé lórí, inú àká yìí ló ń bọ̀.

“Ìdámẹ́wàá?” ni Ṣẹ̀san bi í. “Ọkà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń san án?”

“Ọkà, irun àgùntàn, ẹyin, oyin, ohun gbogbo. Ọdún mìíràn wà tí wọ́n ń fi èpè rù ú wá, nítorí ebi ń pa àwọn náà. Ọdún mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ibí ni wọ́n ti rí jẹ. Tí yìnyín bá bo ilẹ̀, tí kò síṣẹ́ lóko, inú ibí ni wọ́n ti máa ń pa ọkà, wọ́n á máa lù ú kí hóró lè bọ́, títí ìgbà òtútù á fi parí. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ á rí iṣẹ́ ṣe.”

Ṣẹ̀san wo ilẹ̀kùn ńlá méjì tó dojú kọ ara wọn láàárín àká, ọ̀kan níhà ọ̀tún, ọ̀kan níhà òsì. Òye yé e lójijì. Ó ní, “Wọ́n á ṣí méjèèjì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín kọjá. Wọ́n á da ọkà sókè, afẹ́fẹ́ á gbé ìyàngbò lọ, ọkà á padà bọ́ sílẹ̀.”

Theresa wò ó pẹ́. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Ìyá mi ni, mà. Bó ṣe ń fẹ́ ìrẹsì nìyẹn. Àárín ilé méjì ló máa ń jókòó sí.”

Theresa fa ìwé rẹ̀ yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, inú Ṣẹ̀san dùn débi pé ó gbàgbé láti sọ̀ ní Ashton. Ìgbà tó dé ìdíkọ̀ kejì ló tó rántí.

Àwọn òpó náà kún fún àmì. Ṣẹ̀san mọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Káfíńtà ló fín wọn síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ igi tó bá igi mu nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sókè. Ọ̀gá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà, ó rí èyí tí kò mọ̀ lára òpó kẹta. Ó rí òbìrípo kan, àmì róbótó tó ní ewé mẹ́fà nínú, tí wọ́n fi irin ṣóńṣó fín. Ìlà méjì tó rí bí V, tí wọ́n gun ara wọn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni iná ti jó igi náà ní ojú mẹ́rin, ojú iná kọ̀ọ̀kan rí gígùn bí omijé. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé iná náà kàn ṣèèṣì ni. Ẹnìkan ló di iná mú síbẹ̀ títí igi fi dúdú. Ara Ṣẹ̀san bù máṣọ. Kò bi Alan, kò bi Theresa. Èyí ni mo fi bá a wí jù, nítorí ẹnu ni a fi ń bèèrè ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ kò sì yadi.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé sí i tí Miracle fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. Ikọ́ di mímí gulegule. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n sì fi ohun ìmí bo imú ọmọ ọdún méjì. Nọ́ọ̀sì kan bi Ṣẹ̀san irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó ní kó má fi aṣọ tí eruku igi wà lára rẹ̀ gbé ọmọ náà mọ́. Ṣẹ̀san gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Ọdún mọ́kànlá tó fi wá ọmọ ni ejò tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, Pásítọ̀ Adéolú, olùṣọ́ ìjọ wa, wá gbàdúrà. Lẹ́yìn àdúrà, ó pe Ṣẹ̀san sí kọ́ridọ̀.

“Bọ̀dá Ṣẹ̀san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yín? Gift, ẹrù, anything?”

Ṣẹ̀san sọ ti òbìrípo náà fún un, ó sọ ti iná.

Pásítọ̀ mi orí. “Inú ilé tí wọ́n ń kó ìdámẹ́wàá Ọlọ́run sí? Circle, pẹ̀lú iná? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ ò rí i pé ọ̀tá ló wọ ibẹ̀? Tó bá jẹ́ ọwọ́ tèmi ni ó tó o, mi ò ní jẹ́ kó di ọ̀la.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdé, kí Alan tó dé, Ṣẹ̀san wọ inú àká pẹ̀lú ìfági ọ̀gá rẹ̀. Ó gbàdúrà, ó sì fi irin náà lé òpó. Ìgbà mẹ́fà péré ló fá a. Awọ dúdú igi náà ń ká jáde ní tínrín-tínrín, abẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ó kó gbogbo fífá náà sínú ọ̀rá, ó lọ dà á sínú odò kékeré tó ń ṣàn nísàlẹ̀ òkè, ó dúró títí omi fi gbé e lọ. Nígbà tó dé Ashton, ó ra aṣọ mìíràn lọ́jà, ó pààrọ̀ ti ara rẹ̀, ó ju ti iṣẹ́ sínú garawa ìdọ̀tí kó tó lọ sí ọsibítù.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, Miracle ń mí dáadáa. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

Ẹ wo bó ṣe jẹ́. Oògùn dókítà ti wọlé, aṣọ eléruku ti lọ, àdúrà ti gòkè, àmì sì ti kúrò lára òpó, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ta ló fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀? Olúfúnlọ́lá kò yà wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ọkọ òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá àmì èṣù dànù, ọmọ sì gbádùn. Gbogbo wa dìde, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìpẹ̀kun kejì àká ni Alan ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì dé ìdí òpó kẹta. Ní ọjọ́ Túsìdé tó tẹ̀ lé e, Theresa mú ènìyàn méjì láti ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ àwọn ilé àtijọ́ wá, kí wọ́n wá wo bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ó ń fi òpó kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n. Nígbà tó dé ìdí òpó kẹta, ó dúró. Ó na ọwọ́, ó fi kan ibi funfun náà. Ó wá jókòó sórí ìtì igi kan, ó ń sunkún láìpariwo, bí ìyá àgbà ṣe ń sunkún.

Alan wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣẹ̀san náà wà láàárín wọn. Ó yí sí àwọn ará ọ́fíìsì, ó ní, “Ọwọ́ mi ni ibí wà. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ níbí, ọrùn mi ni.” Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá lè sọ ẹni tó ṣe é, wọn yóò gba àká náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì ní fún un ní ilé àtijọ́ kankan ṣe mọ́. Ogójì ọdún ni Alan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn.

Theresa nu ojú rẹ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ ohun tó lọ. Ó fa fótò àmì náà yọ. “Ẹ kò lè mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un yín. Ẹni tó ṣe èyí ń bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀rù iná, ó ń bẹ̀rù eku, ó ń bẹ̀rù àìsàn, a kò mọ èyí tó jẹ́. Oúnjẹ gbogbo abúlé ló wà nínú ilé yìí. Òbìrípo yìí ni wọ́n fi ń dí ọ̀nà mọ́ ohun búburú. V méjì yìí, a gbà pé wúńdíá ìyá Jésù, Virgin Mary, ni wọ́n fi ń ké pè. Iná yìí, wọ́n rọra fi àbẹ́là jó o síbẹ̀ ni, wọ́n gbà pé igi tó bá ti tọ́ iná wò kò ní jóná mọ́. Kristẹni ni wọ́n, àdúrà wọn nìyí. Wọn kò mọ ìwé kọ, wọ́n wá fín in sára igi.”

Ìgbà yẹn ni Ṣẹ̀san rántí àgbélébùú ṣọ́ọ̀kì. Ó rántí ọwọ́ bàbá ìjọ lára ilẹ̀kùn àká alámọ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí iná má débẹ̀. Ó rántí àtàǹpàkò òun fúnra rẹ̀ náà, tó máa ń fi òróró ya àmì àgbélébùú sí orí ilẹ̀kùn ilé wọn ní Whalley Range nígbà tí ọdún bá yí. Ó di òpó náà mú.

Nígbà tó délé, ó jókòó sí kíṣìnì, kò bọ́ bàtà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun máa lọ jẹ́wọ́.

“Jẹ́wọ́ kí ni?” ni Olúfúnlọ́lá dáhùn. “Ṣẹ̀san, nígbà tí wọ́n fi oxygen sí imú ọmọ yẹn, níbo ni Theresa wà? Mo ti jẹ́rìí níwájú Ọlọ́run. Ṣé kí n lọ gba ẹ̀rí mi padà ni?”

“Ọlọ́run ló wò ó sàn. Mi ò sọ pé kì í ṣe Òun. Ṣùgbọ́n àdúrà ẹlòmíràn ni mo fá dànù, Fúnlọ́lá. Àdúrà ẹni tó ti kú.”

“Job ńkọ́? Rent ńkọ́? Ṣé warehouse lo fẹ́ padà sí?”

“Tí mo bá dákẹ́, Mister Alan ló máa jẹ ìyà ẹ̀. Bàbá yẹn ò mọ nǹkan kan.”

Olúfúnlọ́lá fọ abọ́ tí kò dọ̀tí, ó tún un fọ̀. Miracle ń ṣeré lórí ilẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ìkòkò. Olúfúnlọ́lá sọ̀rọ̀ láì wẹ̀yìn. “Lọ sọ. Ṣùgbọ́n má mú ọmọ mi wọ ọ̀rọ̀ náà. Mi ò fẹ́ kí òyìnbó kankan máa sọ pé nítorí ọmọ mi ni wọ́n fi ba ilé wọn jẹ́. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dé, dákẹ́.”

Ṣẹ̀san ṣèlérí, kò sì yẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Tọ́sìdé, ó dúró níwájú Alan àti Theresa, ó ní, “Èmi ni mo fá a. Ìfági mi ni mo lò.” Theresa bi í pé kí ló dé. Ó tún bi í, ó dà bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Ṣẹ̀san wo ilẹ̀. Ó wá ní òun lè tún un fín, òun rántí gbogbo ìlà rẹ̀, òun á fi ìṣirò ṣe é, kò ní yàtọ̀.

“Rárá,” ni Theresa wí. “Irọ́ ni yóò jẹ́. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ Alan. Ti Ṣẹ̀san ló bọ́. Ọ́fíìsì ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igi àtijọ́ mọ́, ilé àtijọ́ nìkan sì ni Alan ń ṣe. Ọkùnrin náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Theresa ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ìtàn àká náà sí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, káfíńtà Ṣẹ̀san Ọládòṣù fá àmì ara òpó kẹta kúrò, kò sì sọ ìdí. Àwọn tó gé óákù, tí wọ́n gbẹ́ ẹ, tí wọ́n gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn. Nínú gbogbo káfíńtà tó ti fọwọ́ kan àká yẹn láti ìgbà àtijọ́, Ṣẹ̀san nìkan ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Ó ń dùn mí tí mo bá rò ó.

Ó padà sí Stretford. Ìfági padà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí Pásítọ̀ Adéolú gbọ́ ohun tí àmì náà jẹ́, ó wá sílé wọn fúnra rẹ̀, ó ní, “Bọ̀dá, mo sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mi ò fojú rí. Ẹ foríjì mí.” Ṣẹ̀san ní kò sí wàhálà. Alan nìkan ló ń mú inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni bàbá náà máa ń wá sí Whalley Range, á kó àwọn irin ìfági rẹ̀ sínú ọ̀rá, á ní kí Ṣẹ̀san bá òun pọ́n wọn. Ó mọ̀ ọ́n pọ́n fúnra rẹ̀ dáadáa. Àwọn méjèèjì á jókòó sí bàkíyáàdì, wọn kò ní sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú.

Lọ́dọọdún ni Theresa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ará abúlé máa ń ṣe ìdúpẹ́ ìkórè nínú àká, wọ́n á sì ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì fún gbogbo ènìyàn. Ṣẹ̀san kì í lọ. Lọ́dún 2016, Miracle ti pé ọmọ ọdún méje. Wọ́n kọ́ wọn nípa ìkórè ní skúùlù, ó sì dé sílé pẹ̀lú bébà tó ya àwòrán sí.

“Daddy, what’s a barn?”

“Àká ni.”

“Have you ever been in one?”

Ṣẹ̀san wo ìyàwó rẹ̀. Olúfúnlọ́lá gba bébà náà, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bọ́ọ̀sì ní Ashton, wọ́n jókòó títí dé òpin rẹ̀. Èrò pọ̀ nínú àká. Wọ́n ti to ápù, búrẹ́dì àti ìtí àlìkámà sí àárín, níbi tí wọ́n ti ń pa ọkà nígbà láéláé, afẹ́fẹ́ sì ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde sí ìkejì. Theresa ti di arúgbó gan-an, igi ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n òun náà ló ń mú àwọn àlejò káàkiri. Nígbà tí wọ́n dé òpó kẹta, ó fi fótò hàn wọ́n, ó fi ibi funfun hàn wọ́n, ó sọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní káfíńtà kan ló fá a. Kò dárúkọ. Ó ti rí Ṣẹ̀san lẹ́yìn gbogbo wọn.

Obìnrin kan nínú àwọn àlejò ní, “Irú ènìyàn wo ló lè ṣe èyí?”

Gbogbo wọn ń mi orí. Ṣẹ̀san gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ skúùlù. “Èmi ni, mà.”

Ojú ti obìnrin náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Ṣùgbọ́n kí ló dé?”

Ṣẹ̀san wo ilẹ̀ bó ṣe wò ó lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Ìlérí ni ìlérí. Olúfúnlọ́lá ló sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí Miracle, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń bá àwọn arúgbó tó ń tọ́jú níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀, èyí tí kì í yára, ó ní, “Ọmọ wa ń ṣàìsàn. A rò pé ó máa kú. Ẹ̀rù ló ba ọkọ mi.”

Theresa di igi rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó wo ọmọbìnrin náà, ó wo òpó, ó tún wo ọmọbìnrin náà. “Ọdún márùn-ún ni mo fi ń bi ara mi,” ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ó ṣeé ṣe kí ọmọ ẹni tó fín in náà máa ṣàìsàn.”

Nígbà tí àwọn àlejò lọ síbi tíì, Theresa lọ gbé ìwé ńlá náà wá, ó ṣí i sí ojú ìwé ọdún 2011, níbi tó ti kọ ọ́ pé kò sọ ìdí. Àyè díẹ̀ ṣẹ́kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó na bírò sí Ṣẹ̀san, Ṣẹ̀san gbà á, ó sì wo ìyàwó rẹ̀. Olúfúnlọ́lá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi Theresa bóyá òun lè kọ ọ́ ní Yorùbá. Theresa ní kó kọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀. Olúfúnlọ́lá gbé ìwé náà lé orí itan, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ọmọ wa ń ṣàìsàn,” Miracle sì dúró tì í, ó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́.